Jẹjẹrẹ Ikùn: Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Àrùn Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti inú rírun. Bí ikùn bá ń ta ènìyàn, bí àyà bá ń jó o lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí bí ó bá ń gùfẹ̀ láìdẹ́kun, orúkọ kan ṣoṣo ni wọn yóò fún àìsàn náà: ọgbẹ́ inú, èyí tí púpọ̀ mọ̀ sí ulcer. Ará ilé yóò sọ bẹ́ẹ̀, aládùúgbò yóò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì náà yóò sì sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wo inú ilé kí ó tó sọ orúkọ.

Ní àdúgbò Brigade ní ìlú Kánò, ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní àròjinlẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1911, tí ìjọba amúnisìn sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tó ń ti gúúsù wá, ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì ń bímọ. Òṣìṣẹ́ kára ni wọ́n. Ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ tí kì í tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú mọ̀ pé ọjọ́ kan tí òun bá lò ní ilé ìwòsàn jẹ́ ọjọ́ kan tí owó kò wọlé. Ìdí nìyí tí kẹ́míìsì tó wà ní ìkángun òpópónà fi di ilé ìwòsàn fún púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ra oògùn, ara tù wọ́n, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ewu ibẹ̀ ni pé àrùn jẹjẹrẹ ikùn máa ń wọ aṣọ ọgbẹ́ inú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má ṣe ju inú rírun díẹ̀ lọ, tàbí kí inú ènìyàn tètè máa kún bí ó bá jẹun díẹ̀. Oògùn tó ń dín omi ásíìdì inú ikùn kù lè mú ìrora náà rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, nígbà tí àrùn fúnra rẹ̀ ń gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ikùn nìyẹn: wọ́n ń pa làpálàpá, wọn kò sì mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ló wà nílẹ̀.

Ìwọ̀n àrùn náà lágbàáyé

Jẹjẹrẹ ikùn kì í ṣe àrùn kékeré. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àgbáyé ti ọdún 2022, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in súnmọ́ 970,000, àwọn tó sì pa lọ́dún náà lé ní 650,000. Ipò karùn-ún ló wà nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń pa ènìyàn jù lọ. Àwọn ọkùnrin tó ń mú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn obìnrin, ó sì wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tó ti lé ní 50 ọdún.

Ìyàtọ̀ láàrin ikú àti ìyè nínú àrùn yìí ni àkókò tí a rí i. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá rí i nígbà tí kò tíì kúrò nínú ikùn, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí ó bá ti tàn dé ẹ̀yà ara tó jìnnà, àwọn tó ń yè tó bẹ́ẹ̀ kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Kékeré ni a ti í pẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ní Nàìjíríà, ìgbà tí ìrókò ti dàgbà tán ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ń dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ìrírí àwọn mìíràn lè kọ́ àwọn ará Brigade lọ́gbọ́n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Latino, ń ní jẹjẹrẹ ikùn ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun. Àlejò tàbí ọmọ àlejò ni púpọ̀ nínú wọn, òṣìṣẹ́ ọwọ́ sì ni ọ̀pọ̀. Láti kékeré ni púpọ̀ nínú wọn ti kó kòkòrò tó ń fa àrùn náà, àwọn tí kò ní adójútòfò ìlera láàrin wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ará Japan tó kó lọ sí Hawaii fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àyànmọ́: ewu náà dínkù láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ tuntun, nítorí pé omi, oúnjẹ àti ìgbé ayé wọn yàtọ̀ sí ti àwọn òbí wọn. Ohun tí ìgbé ayé dá sílẹ̀, ìgbé ayé lè tún un ṣe.

Kòkòrò tó ń gbé inú ikùn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́ ni pé ata, àìjẹun lásìkò àti ìrònú ló ń fa ọgbẹ́ inú. Èrò yìí ṣì gbilẹ̀ láàrin Yorùbá títí di òní. Bí ènìyàn bá ń ṣàìsàn, wọn yóò ní kí ó dẹ́kun ata jíjẹ, kí ó má gbààwẹ̀, kí ó sì máa tètè jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1982, àwọn dókítà méjì ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Australia, Robin Warren àti Barry Marshall, rí i pé kòkòrò kan tó lọ́ bí okùn ń gbé inú ikùn àwọn aláìsàn wọn. Helicobacter pylori, tí a gé kúrú sí H. pylori, ni wọ́n ń pè é lónìí. Àwọn onímọ̀ kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, èébì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì wo inú ikùn rẹ̀, ó ti wú, ó ti pọ́n. Ní ọdún 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel.

Kí ọdún 2005 tó dé ni àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde, ní ọdún 1994, pé H. pylori wà lára àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kò yá. Kòkòrò náà a mú kí awọ inú ikùn wú. Bí ó bá pẹ́, awọ náà a fẹ́lẹ́, a sì yí padà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ lè yọ níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kòkòrò náà ni yóò ní jẹjẹrẹ. Iye wọn kò ju bí ẹnì kan sí mẹ́ta nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo ìlú ti ní kòkòrò, ẹnì kan nínú 100 kì í ṣe ènìyàn díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó kó iṣẹ́ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ ní ọdún 2017, Nàìjíríà ló wà lókè pátápátá: bí 88 nínú 100 ló ní in.

Láti ẹnu ènìyàn sí ẹnu ènìyàn, láti inú ìgbẹ́ àti láti inú omi tí kò mọ́ ni kòkòrò yìí ń gbà ràn, ìgbà èwe ni púpọ̀ sì ń kó o. Ilé tí ìdílé kan ń gbé yàrá kan, tí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ń sùn lórí ẹní kan, tí gbogbo ilé sì ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní Kánò, níbi tí omi ẹ̀rọ kò ti tó, tí àwọn mai ruwa ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi kiri, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ibi tí omi náà ti wá tàbí bí kẹ́ẹ̀gì náà ṣe mọ́ tó. Ìyá tó ń jẹ oúnjẹ lẹ́nu kí ó tó fi bọ́ ọmọ rẹ̀ ń fi ìfẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè fi kòkòrò bọ́ ọmọ náà pẹ̀lú.

Ohun mìíràn tó ń dá kún ewu náà ni iyọ̀ àpọ̀jù àti oúnjẹ tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí èéfín pa mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí tí kò kún ṣíbí kékeré kan. Ẹni tó bá fi mágí méjì-mẹ́ta sínú ọbẹ̀, tó tún bu iyọ̀ lé e, tó sì fi kílíṣí panu ní ìrọ̀lẹ́, ti kọjá ìwọ̀n yẹn láìmọ̀. Sìgá mímu wà lára rẹ̀, ọtí àmujù náà sì wà níbẹ̀, yálà ògógóró, burúkútù tàbí paraga tí àwọn kan ń mu ní òwúrọ̀ pé oògùn ni. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ikùn rí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ.

Ṣé àrùn yìí kì í ṣe ti ọmọ adúláwọ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé bí kòkòrò náà bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí jẹjẹrẹ ikùn kò fi pa gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà run? Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 1992, oníṣẹ́ abẹ kan, Chris Holcombe, tó ti ṣiṣẹ́ ní Maiduguri ní àríwá Nàìjíríà, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì pè é ní àdììtú ilẹ̀ Áfíríkà: kòkòrò pọ̀, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tí wọ́n ń rí kò pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Colombia, àwọn ará etíkun Tumaco, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ìran Áfíríkà, ní kòkòrò yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn ará orí òkè ṣe ní in, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ikùn kò pọ̀ láàrin wọn bíi ti àwọn ará òkè. Àwọn onímọ̀ rò pé bóyá kòkòrò àti ènìyàn tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ayébáyé kì í pa ara wọn lára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn ti bi ara wọn léèrè bóyá àdììtú náà kò jẹ́ àìrí. Ẹni tí a kò wo inú ikùn rẹ̀, a kò lè kà á mọ́ àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Bí ó bá kú, wọn yóò ní ọgbẹ́ inú ló pa á, tàbí pé ọ̀tá ló fi nǹkan sí i nínú oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí ọ̀pọ̀ kò ti dàgbà púpọ̀ kí wọ́n tó kú, àrùn tó ń gba ọdún 30 tàbí 40 kò ní ráyè hàn. Ní báyìí, ẹ̀mí àwọn ènìyàn ń gùn sí i. Ìwádìí kan tí àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ yẹn gbé jáde ní ọdún 2025 ṣírò pé láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n bí lágbàáyé láti 2008 sí 2017, ó lé ní mílíọ̀nù 15 tó lè ní jẹjẹrẹ ikùn nígbà ayé wọn, àti pé bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni H. pylori yóò fà. Ó sọ pé ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, iye rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́fà ti ọdún 2022. Ẹni tó bá ń fi àdììtú tu ara rẹ̀ nínú ń sùn lórí ẹ̀tù.

Oògùn tó ń bo àrùn mọ́lẹ̀

Àṣà kẹ́míìsì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Ẹni tí inú ń run a ra oògùn olómi funfun, a ra omeprazole, a tún gbé Flagyl méjì mì nítorí pé inú ń kùn. Oògùn apakòkòrò tí a lò díẹ̀díẹ̀ báyìí kì í pa H. pylori; ńṣe ló ń kọ́ ọ ní ìjà. Ìtọ́jú gidi máa ń gba oògùn tó ń dín ásíìdì kù pẹ̀lú oògùn apakòkòrò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún bí ọjọ́ 14, láìfo ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí oògùn bá parí, ó yẹ kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe láti mọ̀ bóyá kòkòrò náà ti lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ kò tó fún èyí, nítorí ó lè sọ pé kòkòrò wà nígbà tí ó ti kú tipẹ́. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ṣeé gbára lé jù ú lọ.

Oògùn ara ríro náà wà níbẹ̀. Alágbàṣe, awakọ̀ àti oníṣòwò tó ń gbé ẹrù a máa lo ibuprofen, diclofenac àti irú wọn lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀yìn dídùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn wọ̀nyí ń dá ọgbẹ́ sí ikùn. Ìrora kan bí òmíràn, oògùn kan pe èkejì, àrùn gidi sì fara pamọ́ sáàrin wọn.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọ́dọ̀ rí kẹ́míìsì rárá: kí ènìyàn máa rù láìmọ̀dí, kí oúnjẹ máa há sí ọ̀nà ọ̀fun, kí inú kún lẹ́yìn òkèlè díẹ̀, kí ènìyàn máa bì lemọ́lemọ́, pàápàá èébì ẹlẹ́jẹ̀, kí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, láìjẹ́ pé ènìyàn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, kí òòyì máa kọ́ ènìyàn nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, tàbí kí nǹkan le bíi kókó lókè ìdodo. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn nílò kí dókítà wo inú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà, èyí tí wọ́n ń pè ní endoscopy. Ọ̀nà ẹnu ni ẹ̀rọ náà ń gbà wọlé, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ kan náà sì ni ènìyàn ń padà sílé. Wọ́n ń ṣe é ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Aminu Kano ní Kánò.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Òtítọ́ ni pé endoscopy ń ná ènìyàn lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ra oògùn ọgbẹ́ inú fún ọdún mẹ́ta ti ná owó tí kò ṣírò. Ó yẹ kí ó di òfin láàrin àwọn dókítà àti àwọn ìdílé pé ẹnikẹ́ni tó ti lé ní 40 ọdún, tí inú rírun rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn ìtọ́jú kan, kò gbọ́dọ̀ gba oògùn ọgbẹ́ inú lẹ́ẹ̀kejì láìwo inú ilé. Kì í ṣe àṣejù. Láti ọmọ 40 ọdún ni ìjọba ilẹ̀ South Korea ti ń pe àwọn ará ìlú rẹ̀ fún àyẹ̀wò ikùn ní ọdún méjì-méjì, bí ara wọn tilẹ̀ le.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Kánò sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó o. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún H. pylori àti endoscopy fún ẹni tó ní àmì ewu yẹ kí wọ́n wà lára ohun tí adójútòfò náà ń san. Ètò owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ àti ti próstéètì ọkùnrin. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn náà yẹ ní àyè. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kí ìjọba fún gbogbo ènìyàn ní oògùn apakòkòrò. Níbi tí kòkòrò ti pọ̀ tó báyìí, ìyẹn lè sọ oògùn di aláìlágbára. Àwọn tí inú ń run àti àwọn ìbátan ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ikùn ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ní erékùṣù Matsu ní Taiwan, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò náà rí, tí wọ́n sì ń pa á láti ọdún 2004, jẹjẹrẹ ikùn ti dínkù ju ìdajì lọ.

Àwọn ará Brigade fúnra wọn kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń pàdé lóṣooṣù, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn mọ́ṣáláṣí, lè pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà láti wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn àmì ewu wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ tó ń dá owó fún ìsìnkú lè dá owó fún àyẹ̀wò. Omi tí a sè, ọwọ́ tí a fọ ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, àti ṣíbí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dá lò, kò nílò owó púpọ̀. Ọjà Yankaba, tí ewébẹ̀, tòmátì àti àlùbọ́sà pọ̀ sí, kò jìnnà sí wọn. Èso àti ewébẹ̀ tútù lójoojúmọ́ sàn fún ikùn ju ẹran gbígbẹ oníyọ̀ lọ.

Inú rírun kì í ṣe àìsàn ìtìjú, wíwo inú ikùn kì í sì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá wò ni wọn yóò bá ọgbẹ́ lásán tàbí kòkòrò tó ṣeé pa lára wọn, wọn yóò sì padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n bá bá jẹjẹrẹ lára wọn nígbà tí ó ṣì kéré ni ìyè ṣì kù fún. Kí ọkọ rán aya létí, kí ọmọ rán bàbá létí, kí ẹni tó ń ta oògùn sì ní ìgboyà láti sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá kẹ́míìsì.